Ògbufọ̀ Tí Kì Í Fi Ọ̀rọ̀ Kún Ọ̀rọ̀

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi kì í ṣe oníjà. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìkọ̀rọ̀ yìí kò ju mẹ́rin lọ, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ẹbí ìyàwó mi. Ohun tó kàn ń ṣe mí ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí, ara mi kì í gbà á kí n pa á mọ́ra. Timothy Ògúndayọ̀ ni orúkọ mi. Àgbẹ̀ ni mí. Mo ní oko iṣu lọ́nà Ayétòrò, mo sì ní kòkó díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Timothy Ògúndayọ̀ láàárín ìlú, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Ògbufọ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní ìjọ wa. Pásítọ̀ á sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ Yorùbá. Pásítọ̀ mẹ́fà ló ti kọjá lójú mi. Ti ìsinsìnyí, Pásítọ̀ Daniel Ọláńrewájú, ọmọ Arámọkọ ni. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Yorùbá ló fi ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé orí pẹpẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò bínú sí i. Bí ó bá fi Yorùbá wàásù, kí ni èmi ó máa ṣe?

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní sí mi: wọ́n ní mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì kúrú. Pásítọ̀ á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, á dákẹ́, á máa wò mí. Ìgbà kan ó ní kí a dárí ji ara wa. Bí ó ṣe sọ ọ́ kò gùn ju bí ènìyàn ṣe ń sín lọ. Èmi náà ní: “Ẹ dárí ji ara yín. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ń fa ààlà oko lẹ́yìn odò, ẹ dárí ji ara yín. Ìwọ tí o gbé ìkòkò aládùúgbò rẹ tí o ní o kò gbé e, lọ gbé e padà kí ó tó dárí jì ọ́.” Wọ́n dá ìkòkò náà padà lọ́jọ́ Ajé. Ìkòkò méjì ni wọ́n dá padà, torí ẹnì kan tí mi ò tilẹ̀ ní lọ́kàn náà gbé tirẹ̀ jáde. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ pè mí, wọ́n ní kí n máa túmọ̀ ohun tí Pásítọ̀ bá sọ nìkan. Mo ní ó dára. Mi ò ṣe é.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìjọ wa pé ọgọ́ta ọdún. Àlejò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, títí kan Gift, ìyàwó tí ọmọ Alàgbà Fásanmí fẹ́ ní Pọ́tákọ̀tù, àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá. Gbogbo ọdún yẹn ni mo ti ń retí ọjọ́ náà. Mo ti ra bàtà. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Arábìnrin Abigail Ọláyínká, akọ̀wé ìjọ, dìde láti ka ìkéde. Arábìnrin yìí máa ń kàwé bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta.

Ó ní: “Inú wa dùn láti sọ fún ìjọ pé ọmọ wa, Dorcas Fálàyé, ti ṣe ògbufọ̀ tuntun. Ọ̀fẹ́ ni. Ó yára, kì í gbàgbé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò fi hàn wá nínú gbọ̀ngàn, kí á lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó…”

Ó ṣì ń kà á lọ, ṣùgbọ́n mo ti dìde. Mo mú fìlà mi, mo gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, mo jáde. Kì í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀! Wọn ò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá wí? Sátidé ni wọ́n máa fi hàn, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọjọ́ ọgọ́ta ọdún. Wọ́n fẹ́ gba maíìkì lọ́wọ́ mi lójú àlejò.

Àpọ̀kẹ́, ìyàwó mi, wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò gbọ́ ìkéde náà. Ó bá mi nílé tí mo jókòó sójú kan náà, tí mi ò bọ́ bàtà.

“Èé ti jẹ́, Bàbá Ìfẹ́?”

“Wọ́n ti rí ògbufọ̀ mìíràn. Dorcas Fálàyé ló mú un wá. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.”

“Ọ̀fẹ́ ni ùwọ náà,” ni Àpọ̀kẹ́ wí. “Ìgbà wo ni wọ́n fún ọ ní kọ́bọ̀ rí?”

Ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò ronú kàn án rí pé ọ̀fẹ́ ni mí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣèwádìí. Mo pàdé Alàgbà Fásanmí lọ́nà oko, mo fi ọgbọ́n béèrè bóyá ó ti rí ògbufọ̀ tuntun náà. Ó ní òun ti rí i, pé ó wu òun. Ó ní kì í jẹun, kì í sùn, kì í sì í bínú. Mo rò ó pé wòlíì kan ni, tó wà nínú ààwẹ̀. Ọkàn mi túbọ̀ bàjẹ́, torí èmi ò lè gba ààwẹ̀ kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀.

Nígbà tó di Fúráìdé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sípàdé, mo gba gbọ̀ngàn lọ. Mo fẹ́ rí ọkùnrin náà lójúkojú.

Dorcas nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ọmọ bíbí Ìkọ̀rọ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́jà ni, Kàdúná ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá inú ìwé ni, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí wọn kò tíì fi jẹun rí. Ọdún méjì sẹ́yìn ló padà wá sílé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ayétòrò. Ó dìde nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Níbo ni ó wà?” ni mo wí.

“Ta ni, sà?”

“Ògbufọ̀.”

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. “Òun nìyí, Bàbá.”

Mo yọjú wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó yé mi pé ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà, pé kì í ṣe ènìyàn. Mo tún wá rí i pé èyí ló burú jù. Ènìyàn á ṣàìsàn lọ́jọ́ kan. Ènìyàn á lọ síbi òkú àna rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní àna.

“Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?” ni mo bi í.

“Rárá, sà.”

“Ó gbọ́ Yorùbá?”

“Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún péré, sà.”

“Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá. Kí ló wá ń túmọ̀?”

Ó fa àga fún mi. Sùúrù tí ó fi bá mi sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé tíṣà gidi ni. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ èdè ènìyàn kankan. Òun wá dá èdè kékeré kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè fi kọ ohun tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun tí ènìyàn bá kọ, a ó sọ ọ́ di nọ́mbà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní báìtì. Ògbufọ̀ yìí ló ń ka àwọn nọ́mbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ka ọ̀kan, á ṣe ohun tí nọ́mbà náà wí, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó wo yíká, ó rí pátákó àtijọ́ tó fara ti ògiri, èyí tí a máa ń kọ nọ́mbà orin sí.

“Ẹ wo pátákó yẹn, Bàbá. Nọ́mbà lásán ni ẹ ń kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá rí nọ́mbà náà, odindi orin ni wọ́n ń kọ.”

Ó yé mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó yé mi.

“Nínú èdè yìí,” ni ó wí, “kò sí ohun tí a kò lè rán níṣẹ́. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, iṣu wà níbẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ rán an.” Ó tẹ̀ ẹ́: ewúrẹ́ ké. Kọ̀ǹpútà dáhùn: Mèé. Ó tẹ̀ ẹ́: iṣu gún. Ó dáhùn: Iyán ti délẹ̀.

“Bí mo bá ní kí ewúrẹ́ gún ńkọ́?”

“Kò ní dá yín dúró ṣáájú, sà. Kò kàn án bóyá ewúrẹ́ ni tàbí iṣu. Á jíṣẹ́ náà fún ewúrẹ́. Ìgbà tó bá débẹ̀ ni á tó mọ̀ bóyá ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní kò yé òun.”

Èmi náà na ìka kan, mo gbìyànjú. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni mí, nítorí náà mo kọ ọ́ pé: ewúrẹ́ jọ̀ọ́ ké.

Kò yé mi, ni kọ̀ǹpútà wí.

“Kí ni kò yé e níbẹ̀?”

“Jọ̀ọ́ ni, sà. Kò mọ jọ̀ọ́.”

“Ògbufọ̀ tí kò mọ jọ̀ọ́! Nínú ulé Ọlọ́run!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀! Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún lónìí, bó bá di àmọ́dún, ẹgbẹ̀rún. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni.

“Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá, kì í sì í ṣe ti owó nìkan. Ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ kí ó rí bí mo ṣe kọ ọ́, kí ó yí i padà bó bá fẹ́, kí ó sì fún ẹlòmíràn.”

Mo ronú sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ṣí inú tèmi lọ́jọ́ yẹn, ohun tó máa bá níbẹ̀ kò ní wù ú.

“Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa pinnu,” ni Dorcas wí. “Ẹ bá mi gbàdúrà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́.” Ó wá ka ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, kí n lè bá a wò ó bóyá ó dára. Ó fẹ́ pe àwọn àgbà láti wá fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, kí wọ́n sáà kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ta ló ń sọ iṣu nílé ní Ìkọ̀rọ̀? Uṣu là ń gbìn. Ulé là ń gbé. Uyán là ń jẹ. Nínú ìwé nìkan la ti ń rí iṣu. Nígbà tí ọmọ náà jáde lọ bu omi wá fún mi, mo yára tẹ̀ ẹ́: uṣu gún. Ó ní: Kò yé mi. Mo tún kọ ulé. Ó ní: Kò yé mi.

Mo pa á rẹ́. Dorcas gbé omi dé. Mo mu ún tán, mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, pé kí ó má yí ohunkóhun padà níbẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá lọ sílé mi, mo sì jẹ iyán débi pé Àpọ̀kẹ́ bi mí bóyá ẹnì kan ló kú tí mo jogún rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún ní Sátidé. Wọ́n ti ta aṣọ funfun sára ògiri, Dorcas sì gbé ẹ̀rọ tó ń tan ìwé inú kọ̀ǹpútà sára rẹ̀ wá, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i. Mo jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà Fásanmí, mo ká ẹsẹ̀ mi lé ara wọn. Mi ò tíì gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìkórè.

Arábìnrin Abigail dìde. “Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á fún yín lọ́jọ́ Àìkú,” ni ó wí, “bí ohun tí a bá rí lónìí bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó máa yọ̀ǹda gbọ̀ngàn yìí ní gbogbo Sátidé, kí Dorcas máa fi ògbufọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó fún ẹgbẹ́ akọrin ní gbọ̀ngàn náà.”

Mo yí sí Alàgbà Fásanmí. “Láti kọ́ àwọn ọmọ? Kì í ṣe fún orí pẹpẹ?”

“Orí pẹpẹ wo?”

“Láti máa túmọ̀ ìwàásù.”

Alàgbà wò mí títí. “Timothy, báwo ni ewúrẹ́ inú kọ̀ǹpútà ṣe máa túmọ̀ ìwàásù?”

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo jáde kí wọ́n tó ka ìkéde tán. Ìdùnnú yẹ kó bá mi, ó sì bá mi, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rántí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Fúráìdé. Mo wo iwájú, mo rí Dorcas tó ń fi ẹ̀rín pe àwọn àgbà: kí wọ́n má bẹ̀rù, kí wọ́n sáà kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Màmá Ayọ̀bọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Tíṣà ni Màmá kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò bẹ̀rù ìwé kankan. Ó jókòó, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa: uṣu gún. Ó hàn gàdàgbà lára aṣọ funfun: Kò yé mi.

“Kí ni kò yé e?” ni Màmá wí. “Uṣu? Uṣu kò yé e?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin ará Ẹfọ̀n kan tó fẹ́ ọmọ wa dìde, ó ní ẹnu ará Ìkọ̀rọ̀ ló wúwo, kí wọ́n jẹ́ kí òun bá a sọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́: ulé ṣílẹ̀kùn. Kò yé mi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ akọrin pariwo láti ẹ̀yìn pé ògbufọ̀ yìí kò mọ uṣu, kò mọ ulé, kí ló ń jẹ, ibo ló ń sùn? Ẹ̀rín bẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ gbọ̀ngàn náà gan-an, ẹ rántí.

Dorcas ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, mi ò ronú kàn án. Omi ti dé ojú rẹ̀. Mo rí Arábìnrin Abigail tó ń pa ìwé rẹ̀ dé. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọ ọlọ́mọ, ọdún mẹ́rin!

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀.

“Ẹ dákẹ́ ná!” ni mo wí. “Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Àlejò ni. Ìgbà wo ni àlejò ń gbọ́ èdè wa lọ́jọ́ tó bá dé? Màmá, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ.”

“Mo ní kí uṣu gún.”

Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: iṣu gún. Iyán ti délẹ̀, ni ó wí. Gbogbo gbọ̀ngàn ní “Háà!”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ògbufọ̀ fún ògbufọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lóhùn Ìkọ̀rọ̀, lóhùn Ẹfọ̀n, lóhùn Ìjerò, èmi ń kọ ọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà kan ara mi gbóná sí iṣẹ́ náà. Ẹnì kan tún ní kí uṣu gún, èmi sì kọ ọ́ pé: iṣu funfun láti oko Ayétòrò tí kò ní kòkòrò gún. Kò yé mi, ni ẹ̀rọ wí. Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín! Àpọ̀kẹ́ ló rín jù, ó fi orí lé èjìká ẹni tó jókòó tì í. Ohun tí ìgbìmọ̀ kò rí ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe é. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì péré.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Dorcas nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà fún mi, èmi á máa fi wọ́n sínú rẹ̀.” Ó ṣí inú ògbufọ̀ náà lójú gbogbo wa, bó ṣe wí pé ẹnikẹ́ni lè ṣe. Uṣu, ulé, uyán, ugi, uṣẹ́, ùlú. Mo dúró tì í láti aago mẹ́wàá títí di aago kan ọ̀sán, ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógójì ni mo fún un. Mo tún ní kí ẹ̀rọ náà má máa yára sọ pé kò yé òun, pé kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn, torí ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe nìyẹn. Ó kọ ìyẹn náà sí i. Ìgbìmọ̀ fún un ní gbọ̀ngàn.

Gbogbo ènìyàn wá ń bọ̀ mí lọ́wọ́. “Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Ògbufọ̀.” “Bí kì í bá ṣe yín ni!” Dorcas fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní Ọlọ́run ló ní kí n wà níbẹ̀. Ìyìn náà ń yún mi lára bí yèrèpè. Mo lọ sílé, mi ò sì lè jẹun. Àpọ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, òun ò mọ ikùn mi mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọ bàtà tuntun mi, mo gun orí pẹpẹ. Gift àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà lórí ìlà iwájú. Dorcas jókòó sẹ́yìn wọn gan-an. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ náà, ohun tí Pásítọ̀ bá sọ nìkan ni màá túmọ̀, pé ìyà tí mo fi jẹ ara mi nìyẹn.

Pásítọ̀ sọ gbólóhùn kan. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo dákẹ́. Ó yára sọ òmíràn. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo dákẹ́. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí Pásítọ̀ Daniel ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin tó ti dé. Ìgbà tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ni òun ń ronú ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e.

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú méjìlá, ìwàásù ti tán. Ọgọ́ta ọdún ìjọ, ìwàásù ìṣẹ́jú méjìlá! Àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì gbé ọbẹ̀ ka iná, torí ìwàásù mi ni wọ́n máa ń fi mọ àkókò. Ìjọ ń wo ara wọn. Pásítọ̀ sún mọ́ mi, ó bo maíìkì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bo tèmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ ọ.

“Bàbá, kí ló ṣe yín? Ẹ dákun, ẹ fi nǹkan kún un. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fojú sí.”

Ó wá lọ jókòó. Ẹ gbọ́ mi o, Pásítọ̀ jókòó, ó sì fi èmi nìkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tí mo máa túmọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún lórí pẹpẹ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà nígbà tí mo bá ń bẹ àwọn olè ìkòkò wí. Mo wo ìjọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí màá di maíìkì náà mú. Mo sọ ọ́.

“Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo rí àṣìṣe tó wà nínú uṣẹ́ Dorcas, mi ò sọ fún un, torí mo fẹ́ kí ojú tì í. Dorcas, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Mo rí Àpọ̀kẹ́ tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lórí ìlà iwájú, Gift àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó dé tí gbogbo ènìyàn fi dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ń túmọ̀ fún wọn.

Dorcas dìde. Mo rò pé ó fẹ́ jáde ni, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ó rìn wá síwájú, ó gba maíìkì tó wà lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó kọjú sí Gift, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí Gẹ̀ẹ́sì.

Gbólóhùn méjì ni mo sọ. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo sì ń ṣọ́ ọ. Ó túmọ̀ àkọ́kọ́, kò bù ú kù. Ó túmọ̀ èkejì. Lẹ́yìn náà, kò dákẹ́. Ó sọ fún wọn pé bàbá yìí dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lánàá nítorí òun. Ó sọ fún wọn pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe iṣu ní ilé bàbá òun títí tí bàbá yìí fi kọ́ òun. Ó ní òun ti dárí jì í.

Mi ò sọ ìkankan nínú ìyẹn. Mi ò sì dá a dúró.